Èsì: Ìdánwò ọjọ́ ìparí nìkan kò tó
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ béèrè bóyá ìdánwò ọjọ́ ìparí tó láti fi mọ̀ pé ẹ̀kọ́ tí ẹ ṣe fún àwọn agbẹ̀bí ní Gwagwalada, lórí bí a ṣe ń ran ọmọ tuntun tí kò mí lọ́wọ́, wúlò. Lójú tèmi, kò tó. Láti ọdún 1959 ni Donald Kirkpatrick, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà nípa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, ti to irú àyẹ̀wò yìí sí ìpele 4: bóyá ẹ̀kọ́ náà tẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn, bóyá ó mọ̀ ọ́n, bóyá ó ń lò ó lẹ́nu iṣẹ́, àti àbájáde tó ti ibẹ̀ wá. Ìdánwò yín kò sì kọjá ìkejì. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ padà sí yàrá ìgbẹ̀bí, kí ẹ wò ó bóyá agbẹ̀bí lè fi báàgì àti ìbomú fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọlangidi ìkọ́ṣẹ́ kí ìṣẹ́jú 1 tó pé. Ẹ yẹ báàgì náà wò pẹ̀lú: mo ti rí ibi tí wọ́n tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, tí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ sì wà ní ìsinmi. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má kọ ọ́ pé agbẹ̀bí kò mọṣẹ́.