Ìtọ́kasí Mélòó Ló Tó? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Iṣẹ́ Ìwádìí Molecular Biology

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí dá lórí ìtọ́kasí, ìyẹn iye ìgbà tí àwọn olùwádìí mìíràn dárúkọ àpilẹ̀kọ ẹni nínú tiwọn. Ìgbanisíṣẹ́, ìgbéga àti owó ìwádìí ń rọ̀ mọ́ nọ́ńbà yìí, bẹ́ẹ̀ àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń kà á kò pọ̀. Márùn-ún rèé lára àwọn lẹ́tà náà.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. H-index mi jẹ́ 9 lórí Google Scholar, àmọ́ 6 péré ni Scopus fún mi. Èwo ni ká gbà gbọ́ níbẹ̀, èwo ni kí n sì kọ sínú ìwé tí mo fẹ́ fi wáṣẹ́?
*Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń parí oyè ọ̀mọ̀wé*

Òótọ́ ni méjèèjì. Google Scholar àti Scopus, àwọn ojúlé tí ń ka ìtọ́kasí, ohun tí wọ́n ń kà ni kò dọ́gba. H-index, ìyẹn iye àpilẹ̀kọ yín tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìtọ́kasí tó tó iye náà ó kéré tán, tí Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì, gbé jáde lọ́dún 2005, ṣeé fọwọ́ ṣírò. Ẹ to àwọn àpilẹ̀kọ yín láti orí èyí tí ìtọ́kasí rẹ̀ pọ̀ jù dé orí èyí tó kéré jù, kí ẹ wá máa kà wọ́n bọ̀ nísàlẹ̀. Ká ní mẹ́sàn-án lẹ ní, tí ìtọ́kasí wọn jẹ́ 41, 22, 15, 9, 7, 6, 6, 3 àti 1. Ẹ̀kẹfà ní ìtọ́kasí 6, ó yege. Èkeje náà ní 6, kò tó 7, kíkà parí síbẹ̀: h-index yín jẹ́ 6. I10-index tí Google Scholar ń lò, ìyẹn iye àpilẹ̀kọ tó ní ìtọ́kasí 10 ó kéré tán, jẹ́ 3. Àròpọ̀ gbogbo ìtọ́kasí jẹ́ 110. Ẹ kíyè sí i pé bí 41 yẹn bá di 4,100 lọ́la, h-index kò ní kúrò lórí 6.

Google Scholar máa ń ka fẹ́rẹ̀ẹ́ ohunkóhun tó bá jọ ìwé ìwádìí: tíísìs, ìwé àpérò, orí kan nínú ìwé, preprint (àpilẹ̀kọ tí àwọn olùyẹ̀wò kò tíì yẹ̀ wò) orí ojúlé bioRxiv. Ìgbà mìíràn wà tó máa ń ya preprint àti àpilẹ̀kọ tó tinú rẹ̀ jáde sọ́tọ̀, tí ìtọ́kasí ohun kan ṣoṣo á wá pín sí méjì. Ẹ wọ ojú ìwé yín lọ, kí ẹ pa méjèèjì pọ̀ fúnra yín. Ẹ yọ iṣẹ́ ẹni tó jẹ́ orúkọ yín kúrò, kí ẹ sì ní kó máa béèrè lọ́wọ́ yín kó tó fi ohunkóhun kún un. Scopus ní tirẹ̀ ń ka kìkì ibi tí ìgbìmọ̀ rẹ̀ ti yẹ̀ wò tó sì gbà wọlé. Bí orúkọ yín bá ti yí padà rí, tàbí tí ẹ ń kọ ọ́ lónírúurú, ẹ gba ORCID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ olùwádìí. Ọ̀fẹ́ ni, ẹyọ 16 ló ní, ó sì máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ yín padà sọ́dọ̀ yín.

Nínú ìwé ìwáṣẹ́, ẹ kọ méjèèjì, ẹ dárúkọ ibi tí ẹ ti rí wọn àti ọjọ́ tí ẹ wò wọ́n. Ẹ fi ọdún tí àpilẹ̀kọ yín àkọ́kọ́ jáde kún un, torí h-index kì í sábà wálẹ̀, kódà lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Ẹni tó ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún kò ṣeé fi wé ẹni tó lo ọdún mẹ́fà. Kò sì yẹ kí wọ́n fi onímọ̀ molecular biology wé onímọ̀ ìṣirò, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í tọ́ka sí ìwé púpọ̀. Nọ́ńbà tó gba ti pápá rò ni FWCI (Field-Weighted Citation Impact) ti Scopus: 1.00 túmọ̀ sí pé àpilẹ̀kọ náà bá ìpíndọ́gba àgbáyé mu láàárín irú rẹ̀ tó jáde lọ́dún kan náà, 1.50 sì túmọ̀ sí pé ó fi ìdajì jù ú lọ.

Àpilẹ̀kọ mi kan lórí bí a ṣe ń yọ RNA nínú ewé tó kún fún ṣúgà ti ní ìtọ́kasí ju gbogbo ìyókù iṣẹ́ mi lápapọ̀ lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kò sí àwárí kankan nínú rẹ̀, pé ọ̀nà ìṣiṣẹ́ lásán ni. Ṣé kí n máa tijú rẹ̀ ni?
*Olùkọ́ yunifásítì*

Ẹ má tijú rárá. Àpilẹ̀kọ tí wọ́n tọ́ka sí jù lọ nínú gbogbo sáyẹ́ǹsì, ọ̀nà ìṣiṣẹ́ ni. Oliver Lowry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú Journal of Biological Chemistry lọ́dún 1951, lórí bí a ṣe ń wọn iye purotéènì tó wà nínú omi. Ìtọ́kasí rẹ̀ ti kọjá 300,000. Nígbà tí jọ́nà Nature to ọgọ́rùn-ún àpilẹ̀kọ tí ìtọ́kasí wọn pọ̀ jù lọ lọ́dún 2014, ti Laemmli ọdún 1970, lórí yíya purotéènì sọ́tọ̀ nínú gel, ló ṣe ìkejì. Ti Bradford ọdún 1976, wíwọn purotéènì náà ni, ló ṣe ìkẹta. Ti Watson àti Crick ọdún 1953 lórí ìrísí DNA kò sí nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀hún rárá.

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó bá lo ọ̀nà ìṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti rí i, ní gbogbo ìgbà tó bá lò ó. Àwárí ńlá ní tirẹ̀ máa ń di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ta ló ń tọ́ka sí ìwé ọdún 1953 kó tó sọ pé okùn méjì ni DNA? Àwárí mìíràn sì máa ń pẹ́ kó tó jí. Ishino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kíyè sí àwọn ìlà tó ń tún ara wọn sọ nínú DNA bakitéríà E. coli lọ́dún 1987, láìmọ ohun tó wà fún. Ó di ọdún 2005 kí Francisco Mojica àti àwọn mìíràn tó fi hàn pé ohun tó wà láàárín àwọn ìlà náà jọ DNA fáírọ́ọ̀sì. Ọdún 2012 ni ẹgbẹ́ Jennifer Doudna àti Emmanuelle Charpentier sọ ọ́ di irinṣẹ́ CRISPR tí ń gé DNA síbi tí a bá fẹ́. Ẹni tó bá fi ìtọ́kasí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe ìdájọ́ iṣẹ́ ọdún 1987 yẹn ì bá ti dá a nù.

Kì í sì í ṣe gbogbo ọ̀nà ìṣiṣẹ́ ló ń rí ìtọ́kasí. Èyí tí ẹlòmíràn bá gbìyànjú tí kò jẹ́, ńṣe ni wọ́n á pa á tì. Ohun kékeré ló sábà máa ń fà á, ó sì ń dùn wá, torí pé ó ṣeé yẹra fún. Ẹ wo gbólóhùn bíi “a fi centrifuge yí i ní 13,000 rpm fún ìṣẹ́jú 10”. Rpm, iye ìgbà tí ẹ̀rọ náà ń yí ní ìṣẹ́jú kan, nìkan kò sọ agbára tó fa RNA náà sí ìsàlẹ̀ ọpọ́n. Láti rí agbára yẹn, tí a ń kọ ní × g, ẹ fi rpm sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi rádíọ́ọ̀sì rotor (apá ẹ̀rọ tó di ọpọ́n mú tó ń yí) ní sẹ̀ǹtímítà sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ tún fi 0.00001118 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí rádíọ́ọ̀sì tiyín bá jẹ́ 8.4, 13,000 rpm jẹ́ nǹkan bí 15,900 × g. Bí ti ẹni tó ń tẹ̀lé yín bá jẹ́ 6, nǹkan bí 11,300 ló máa rí. RNA rẹ̀ á kéré, ọ̀nà yín ló sì máa dá lẹ́bi.

Tris, kẹ́míkà tí a fi ń di pH mú, náà ń dani. Èyí tí ẹ tò sí pH 8.0 ní 25°C á di nǹkan bí 8.6 tó bá tutù dé 4°C, nítorí náà ẹ kọ ìwọ̀n ooru tí ẹ fi wọn pH. Ní ti ewé tó kún fún ṣúgà, ẹ má fi A260/280 (ìmọ́lẹ̀ tí omi RNA fà mu ní 260 nm, tí a fi ti 280 nm pín) nìkan hàn. Ó lè dára, kó wà ní nǹkan bí 2.0, kí ṣúgà sì kún inú RNA náà. A260/230 tó bá já wálẹ̀ gan-an sísàlẹ̀ 2.0 ló ń tú u fó. Ẹ kọ gbogbo lẹ́tà primer, ègé DNA kúkúrú tí PCR (ọ̀nà tí a ń gbà sọ DNA di púpọ̀) fi ń bẹ̀rẹ̀, láti etí 5′ dé etí 3′, kí ẹ sì dà wọ́n kọ tààrà láti inú fáìlì tí ẹ fi ra wọ́n, torí lẹ́tà kan tó yí ní etí 3′ tó láti sọ PCR di òfo. Bó bá jẹ́ qPCR, ìyẹn PCR tí ń wọn iye, ìlànà MIQE ọdún 2009 to ohun tó yẹ kí ẹ kọ, pàápàá bí primer ṣe ń ṣiṣẹ́ tó àti jíìnì tí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ fi sequence (ìtòlẹ́sẹẹsẹ lẹ́tà DNA) sí ibi ìpamọ́ GenBank, ẹ fi plasmid (òrùka DNA kékeré) sí ibi ìpamọ́ Addgene, kí nọ́ńbà wọn sì wà nínú àpilẹ̀kọ. Ẹni tó bá gba plasmid yín lò á tọ́ka sí yín.

Olùyẹ̀wò jọ́nà kan ní kí n fi àpilẹ̀kọ márùn-ún kún ìtọ́kasí mi. Ẹnì kan náà ló kọ márààrún.
*Ẹni tí ọ̀rọ̀ sú*

Ẹ kà wọ́n ná. Ẹ fi èyí tó bá kan iṣẹ́ yín kún un, kí ẹ kọ̀wé sí olóòtú jọ́nà nípa ìyókù: “A ka márààrún, ìkejì bá ọ̀rọ̀ wa mu, ó sì ti wà níbẹ̀, mẹ́rin yòókù kò kan ìbéèrè tí a ń wádìí.” Olùyẹ̀wò ń dámọ̀ràn ni, olóòtú ló ń pinnu. Ẹ má fi dúdú pe funfun nítorí kí wọ́n lè gba ìwé yín.

Èmi ni mo ṣe gbogbo Western blot (ọ̀nà tí a ń gbà wá purotéènì kan rí) tó wà nínú àpilẹ̀kọ wa, àmọ́ orúkọ mi ló ṣe ìkẹrin nínú mọ́kànlá. Ọ̀gá wa ní ìtọ́kasí kan náà ni gbogbo wa máa gbà, kí ni mo wá ń bínú sí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?
*Olùwádìí inú láàbù*

Lójú kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ni. Google Scholar àti Scopus á fún ẹni kẹrin ní ohun tí wọ́n fún ẹni kìíní. Àmọ́ lójú ìgbìmọ̀ tó ń gbani síṣẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú molecular biology, ẹni tó ṣe iṣẹ́ jù ni orúkọ rẹ̀ ń ṣíwájú, olórí láàbù ni orúkọ rẹ̀ ń kẹ́yìn, òun náà ló sì sábà máa ń jẹ́ ẹni tí à ń kọ̀wé sí. Àwọn tó wà láàárín ló máa ń ṣòro kà. Àpilẹ̀kọ mẹ́ta tí ẹ jẹ́ òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ lè wúlò fún yín ju mẹ́wàá tí ẹ wà láàárín lọ.

Ẹ ní kí wọ́n kọ ipa olúkúlùkù sí ìparí àpilẹ̀kọ ní ìlànà CRediT, tó ní ipa 14. Bí ẹ̀yin méjì bá ṣe iṣẹ́ dọ́gba, jọ́nà púpọ̀ ń gba àmì òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ méjì. Ní ti iṣẹ́ tó ń bọ̀, ẹ lọ bá ọ̀gá yín kó tó bẹ̀rẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ béèrè àwòrán tó máa jẹ́ tiyín àti ipò tó bá a lọ, kí ẹ sì fi ìmeèlì kúkúrú ṣàkọsílẹ̀ ohun tí ẹ jọ sọ. Bí iṣẹ́ bá yí padà, kí ìmeèlì náà yí padà.

Jọ́nà kan kọ̀wé sí mi pé Impact Factor òun jẹ́ 6.842, pé òun á tẹ iṣẹ́ mi jáde láàárín ọjọ́ márùn-ún. Mo ti fi ránṣẹ́, àmọ́ n kò tíì sanwó.
*Ẹni tí ara ń fu*

Ara fu yín dáadáa. Ilé iṣẹ́ Clarivate nìkan ló ń gbé Journal Impact Factor jáde, ní oṣù kẹfà ọdọọdún, láti ọdún 2023 sì ni wọ́n ti ń kọ ọ́ pẹ̀lú ẹyọ kan péré lẹ́yìn ojúàmì. 6.842 tí wọ́n ń polówó báyìí yẹ kó jẹ́ kí ẹ tún un wò. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí: bí àpilẹ̀kọ tí jọ́nà kan tẹ̀ jáde lọ́dún 2022 àti 2023 bá jẹ́ 450, tí wọ́n tọ́ka sí wọn nígbà 900 lọ́dún 2024, ti ọdún 2024 á jẹ́ 2.0. Jọ́nà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá kò tíì lè ní in. Àpilẹ̀kọ díẹ̀ ló sì máa ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ́kasí jọ́nà, nítorí náà nọ́ńbà náà kò sọ nǹkan kan nípa tiyín. Ìkéde DORA, tó bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco lọ́dún 2012, ti ní kí wọ́n yé fi í díwọ̀n olùwádìí.

Ẹ wá ISSN (nọ́ńbà ìdánimọ̀) jọ́nà náà nínú Master Journal List ti Clarivate, ọ̀fẹ́ ni. Bí wọ́n bá ní àwọn wà lórí PubMed, ojúlé tí a ti ń wá ìwé ìṣègùn, ẹ wò ó nínú NLM Catalog bóyá MEDLINE, àkójọ jọ́nà tí wọ́n ti yẹ̀ wò, ń gbà wọ́n wọlé báyìí. Àpilẹ̀kọ kan lè dé PubMed nítorí owó ìwádìí tí wọ́n fi ṣe é, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yẹ jọ́nà náà wò. Bí ẹ kò bá rí wọn nínú Master Journal List, irọ́ ni Impact Factor tí wọ́n ń polówó. Ẹ fi ìmeèlì fa iṣẹ́ yín sẹ́yìn lónìí, kí ẹ má fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́ kankan. Bí wọ́n bá béèrè owó ìfàsẹ́yìn, ẹ má san án. Ẹ tọ́jú gbogbo ìmeèlì náà, kí ẹ sì ṣàlàyé fún olóòtú jọ́nà tí ẹ bá tún gbé e lọ.