Ṣé ewu ti dé bí yunifásítì bá fo àyẹ̀wò ààbò rìákítọ̀ rẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń lo agbára inú átọ́ọ̀mù)?

Rárá, kò túmọ̀ sí pé ìtànṣán olóró ti jáde, ṣùgbọ́n ó jẹ́ rírú òfin. Ní Amẹ́ríkà, NRC, àjọ ìjọba tó ń ṣàbójútó agbára átọ́míìkì, ló ń fún yunifásítì ní ìwé àṣẹ rìákítọ̀, àkókò àyẹ̀wò sì wà lára àdéhùn rẹ̀. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n pín àṣìṣe sí. Ìkẹrin ló fúyẹ́ jù.

Síbẹ̀, àṣìṣe kékeré lè di ńlá. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ní rìákítọ̀ ìwádìí NIST, àjọ ìjọba tó ń rí sí òṣùwọ̀n àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ní Maryland (ti ìjọba ni, kì í ṣe ti yunifásítì), apá kan nínú ọ̀pá epo átọ́míìkì tí wọn kò há mọ́ àyè rẹ̀ dáadáa yọ́. Ó lé ní ọdún méjì kí wọ́n tó tún tan ẹ̀rọ náà.