Kí ni dígí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ní ihò nídìí yìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ohun kan láàárín ẹrù àlòkù, ẹni tó tà á fún mi pàápàá kò mọ ohun tó ń jẹ́. Dígí ni látòkè délẹ̀. Ikùn rẹ̀ rí róbótó, ọrùn rẹ̀ kúrú, ó ní ọmọrí dígí tó ń wọ ẹnu rẹ̀, ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ kéékèèké mẹ́ta. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìdí rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ihò ńlá kan wà láàárín ìdí náà, etí ihò yẹn ká wọ inú lọ sókè, ó sì di gọ́tà tó yí inú rẹ̀ po. Tí mo bá da omi sí i, díẹ̀ á dúró sínú gọ́tà yẹn, ìyókù á gba ihò dà sílẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ́ jọ ti ewé, afẹ́fẹ́ róbótó-róbótó sì há sínú dígí náà. Àbúrò mi ní àtùpà ni, ẹlòmíràn ní ìkòkò òdòdó ni. Kí ni gan-an? Ṣé ó ti pẹ́? Ṣé kí n máa lò ó ni, àbí kí n tà á?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé tí ẹ ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa bẹ́ẹ̀. Pakúté eṣinṣin ni ẹ rà. Ihò tó rú yín lójú yẹn gan-an ni mo fi dá a mọ̀.

Nígbà tí ohun èlò àtijọ́ kan bá dé iwájú mi tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, ibi tó dà bíi pé kò bọ́gbọ́n mu lára rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Àwọ̀ àti ẹwà máa ń tan ènìyàn jẹ, torí ohun tó rẹwà lè jẹ́ ti àná, ohun tí kò wu ojú sì lè ti pé igba ọdún. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ẹnu fọn dígí kì í ṣe làálàá lásán. Kó tó lè ká etí ihò wọ inú báyẹn, ó ní láti dá dígí náà padà sínú ààrò kó lè rọ̀, kó máa yí i, kó sì máa fi irinṣẹ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kó tó tutù. Ìdí pàtàkì ló ń mú ènìyàn ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ ká bi ara wa nìyí: kí ló ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, kí sì ni wọ́n ń dà sínú gọ́tà yẹn?

Eṣinṣin ló ń gba ìsàlẹ̀ wọlé. Wọ́n á gbé ohun èlò náà sórí àwo pẹrẹsẹ tí wọ́n ti fi ṣúgà, oyin tàbí èso tó ti rọ̀ sí. Ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn ló gbé e sókè díẹ̀ kí eṣinṣin lè rí àyè rìn wọ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n á wá da omi ọṣẹ, tàbí fínígà, tàbí bíà, sínú gọ́tà inú, wọ́n á sì fi ọmọrí dé e lókè. Eṣinṣin á tẹ̀lé òórùn wọ abẹ́, á jẹun. Nígbà tó bá fẹ́ lọ, òkè níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà ló máa kọrí sí, á sì gba ihò náà bọ́ sínú ikùn dígí. Á máa forí sọ ògiri tí kò rí títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, á wá já bọ́ sínú omi. Ọṣẹ ni kì í jẹ́ kí ojú omi gbé e dúró. Láìsí ọṣẹ, eṣinṣin míràn á dúró lórí omi bí ẹni dúró lórí ilẹ̀, á sì tún gbéra. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ kò ju èyí lọ: ọ̀nà wà níbi tó ṣókùnkùn, ìmọ́lẹ̀ wà níbi tí kò sí ọ̀nà. Mo fẹ́ràn ohun èlò yìí gidigidi. Kò sí wáyà tàbí irin tó ń fò nínú rẹ̀, kò sí ibi tó lè bàjẹ́ àfi tó bá fọ́, síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín pé kì í ṣe àtùpà. Dígí tí wọ́n ń fi bo iná àtùpà gbọ́dọ̀ ṣí lókè kí ooru àti èéfín lè ráyè jáde. Ẹ kò ní rí ọmọrí lórí rẹ̀. Ti ìkòkò òdòdó, ẹ̀yin fúnra yín ti da omi sí i, ẹ sì rí i bó ṣe dà sílẹ̀. Èyí tó tún máa ń jọ ọ́ ni dígí tí àwọn olóko ilẹ̀ olótùútù ń fi bo irúgbìn. Ìyẹn náà ṣí nísàlẹ̀, àmọ́ etí rẹ̀ lọ tààrà dé ilẹ̀ ni, kò ká wọ inú, kò sì ní ẹsẹ̀. Dígí tí wọ́n fi ń fún ẹyẹ lómi náà wà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni ẹnu rẹ̀ máa ń wà. Ihò láàárín ìdí, gọ́tà nínú, ọmọrí lókè: tí ẹ bá ti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lára ohun kan ṣoṣo, pakúté ni. Oríṣi kan tiẹ̀ wà tí kò lẹ́sẹ̀, tí wọ́n máa ń fi okùn so kọ́ sára igi eléso nítorí agbọ́n.

Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni irú pakúté yìí gbilẹ̀ nínú ilé ìdáná àti lórí tábìlì oúnjẹ àwọn ará Yúróòpù. Nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé kò tíì wọ́pọ̀ nígbà yẹn, kò sì sí oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fín bíi tòní. Ọdún 1939 ni Paul Müller ní Switzerland ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní DDT ń pa kòkòrò, iṣẹ́ náà ló sì fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1948. Ṣáájú ìgbà yẹn, dígí, omi àti ṣúgà ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé.

Ọjọ́ orí tiyín ni kò ní rọrùn láti mọ̀, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti ṣọ́ra, torí wọ́n ṣì ń ṣe pakúté yìí lónìí, pẹ̀lú ìrísí kan náà àti ẹsẹ̀ mẹ́ta kan náà. Ohun méjì tí ẹ sọ, àwọ̀ ewé àti afẹ́fẹ́ inú dígí, kò tó ẹ̀rí. Irin tó wà nínú iyanrìn ló máa ń fún dígí ní àwọ̀ ewé bí wọn kò bá fi nǹkan pa á, ìgò tí wọ́n fọ́ tí wọ́n tún yọ́ ní ayé òde òní náà sì máa ń ní àwọ̀ yẹn. Ti afẹ́fẹ́ yẹn ńkọ́? Àwọn tó ń ṣe tuntun mọ̀ pé àwọn oníbàárà gbà pé afẹ́fẹ́ inú dígí ni àmì àtijọ́, wọ́n sì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi í sí i.

Abẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lo awò tó ń mú nǹkan tóbi, ẹ sì dúró níbi tí ìmọ́lẹ̀ á ti gba ẹ̀gbẹ́ wá. Ohun tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé sílẹ̀ gbé sókè á ní ìhá tín-ín-tín lóríṣiríṣi, èyí gùn, èyí kúrú, wọ́n dojú kọ ibi gbogbo, wọ́n sì pọ̀ jù níbi tí ẹsẹ̀ ti kan ilẹ̀ gan-an. Tí ìhá náà bá tò sí ìhà kan, tí gbogbo wọn dọ́gba, yánpapa tàbí irin ni ẹnìkan fi ha á. Tí kò bá sí ìhá rárá, kò tíì pẹ́, àbí kí ó jẹ́ pé inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà látọjọ́ tí wọ́n ti rà á.

Láti ibẹ̀, ẹ wo bí ẹsẹ̀ ṣe lẹ̀ mọ́ ikùn. Nínú èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe, ègé dígí gbígbóná ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n sì fi ẹ̀mú fún kó tó le. Ẹsẹ̀ mẹ́ta kò ní dọ́gba tán. Ọ̀kan lè yẹ̀ díẹ̀, òmíràn lè sanra ju èkejì lọ. Tí ẹsẹ̀ àti ikùn bá jáde pọ̀ láìsí ojú ìlẹ̀mọ́, inú mọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun tí wọ́n ń da dígí gbígbóná sí kó lè mú ìrísí rẹ̀, ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Mọ́ọ̀dù náà máa ń fi ìlà fífẹ́lẹ́ sílẹ̀ lára dígí, níbi tí apá rẹ̀ méjèèjì ti pàdé. Ẹ fi èékánná tọ ìlà yẹn lọ sókè. Tí ó bá pòórá lọ́rùn, ọwọ́ ènìyàn ló parí ẹnu rẹ̀. Tí ó bá kọjá lórí ètè ẹnu gan-an, ẹ̀rọ ló ṣe é, irú iṣẹ́ tó di gbajúgbajà lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ìgò Michael Owens ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1903. Àmọ́ o, àìsí ìlà kò fi hàn pé ó ti pẹ́, torí àwọn tó ń fi ẹnu fọn dígí ṣì wà.

Ẹnìkan lè sọ fún yín pé kí ẹ wá àpá pontil, ìyẹn ojú ọgbẹ́ tí ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń di dígí mú máa ń fi sílẹ̀ nídìí ohun èlò. Ìmọ̀ràn dáadáa ni fún ìgò àti ife. Lára pakúté yìí, ìdí ti di ihò, nítorí náà bí ẹ kò bá rí àpá, kò sọ nǹkan kan fún yín.

Ẹ tún wò ó bóyá àkọlé wà lára rẹ̀. Àmì dáyámọ́ǹdì tí wọ́n fi ń forúkọ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà láàárín 1842 sí 1883. Láti 1884, «Rd» (ìkékúrú «Registered», ìyẹn «a ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀») pẹ̀lú nọ́ńbà ni wọ́n ń lò. Tí orúkọ orílẹ̀-èdè bá wà lára rẹ̀, ẹ rántí òfin McKinley ti 1890, tó mú kí Amẹ́ríkà máa béèrè pé kí ọjà òkèèrè gbé orúkọ ibi tí wọ́n ti ṣe é; nítorí náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lẹ́yìn òfin yẹn ni wọ́n ṣe tiyín. Ọ̀pọ̀ pakúté kò ní àkọlé kankan, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá yín.

Tọ́ọ̀ṣì ultraviolet tí wọ́n fi ń yẹ owó wò lè ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀. Ẹ tàn án sí i nínú òkùnkùn. Tí dígí náà bá tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó kan ojú gan-an, uranium wà nínú rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1830 ni àwọn oníṣẹ́ dígí Bohemia, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Czech lónìí, ti ń lò ó. Tí ìmọ́lẹ̀ náà bá fẹ́ẹ́rẹ́, manganese ló sábà máa ń jẹ́, èyí tí wọ́n ń fi pa àwọ̀ ewé irin. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi manganese sílẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n sì bọ́ sórí selenium, èròjà míràn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ fi ìyẹn kún àwọn ẹ̀rí yòókù, ẹ má ṣe gbé ìdájọ́ kalẹ̀ lórí rẹ̀ nìkan.

Ọmọrí náà ṣe pàtàkì, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ sọnù tàbí fọ́. Ẹ wò ó bóyá ibi tó wọ ẹnu ti di ẹfun nítorí bí wọ́n ṣe lọ̀ ọ́, bóyá inú ọrùn náà rí bẹ́ẹ̀, àti bóyá àwọ̀ àwọn méjèèjì bára mu lórí bébà funfun. Tí ó bá ń mì jẹgẹjẹgẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú ìgò míràn ni wọ́n ti yọ ọ́. Tí ó bá há, ẹ má fà á o. Ẹ kán epo díẹ̀ sí etí rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì yí i jẹ́jẹ́.

Kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ yẹ inú gọ́tà wò. Láyé ìgbà náà, àwọn ènìyàn máa ń fi májèlé arsenic pa eṣinṣin; bébà tí wọ́n rẹ sínú rẹ̀ ni wọ́n ń tà lọ́jà, débi pé bébà eṣinṣin di ẹ̀rí pàtàkì nínú ẹjọ́ Florence Maybrick, obìnrin tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó pa ọkọ rẹ̀, ní Liverpool ní 1889. Tí ohun kan bá gbẹ mọ́ gọ́tà tiyín, ẹ má ha á ní gbígbẹ kí eruku rẹ̀ má baà wọ imú yín. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ẹ sì da omi náà nù níbi tí ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn kò ti lè dé. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ rírọ̀ ló dára, nínú abọ́ rọ́bà tí ẹ tẹ́ aṣọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omi gbígbóná lè là á sí méjì. Tí ó bá ṣú, ẹ rin ín. Bí ṣíṣú náà bá lọ nígbà tó tutù tó sì padà nígbà tó gbẹ, omi ti jẹ dígí náà láti inú, fífọ̀ kò lè mú un kúrò. Tí fínígà bá mú un kúrò, ẹfun omi lásán ni.

Ẹ lè lò ó o. Iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì dópin. Ohun tí n kò ní gbà yín níyànjú láti ṣe ni kí ẹ lu ihò sí i láti fi ṣe àtùpà. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tí wọ́n bàjẹ́ báyẹn, ó sì máa ń dùn mí. Ẹ má sì fi oúnjẹ tàbí ohun mímu sínú rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ májèlé tí mo sọ yẹn.

Tó bá jẹ́ títà ni, ọmọrí tó bá a mu, ẹsẹ̀ tí kò kán, àti gọ́tà tí etí rẹ̀ kò ké ló ń gbé iye rẹ̀ ga. Kẹ́ ẹ tó dá iye lé e, ẹ lọ wo àkójọ ohun èlò Corning Museum of Glass ní New York lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi tiyín wé àwọn dígí tí wọ́n ti dá ọjọ́ orí wọn mọ̀. Ẹ ya àwòrán abẹ́ ẹsẹ̀, inú gọ́tà, àti ibi tí ọmọrí ti wọ ẹnu, ẹ gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ pé pakúté eṣinṣin ni. Tí abẹ́ ẹsẹ̀ kò bá ní ìhá, ẹ má kọ «ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún» sí i. Ẹ kọ «ọjọ́ orí rẹ̀ kò dájú», kí oníbàárà wo àwòrán kó sì pinnu fúnra rẹ̀.