Èsì: Ta ni Alex Xydias?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé olówò páàtì mọ́tò lásán ni bàbá àgbàlagbà tó ń jẹ́ Alex Xydias, táwọn èèyàn dárò nígbà tí wọ́n kú. Rárá o! 1946 tí wọ́n kúrò ní sójà ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù So-Cal ní Burbank, California, wọ́n ń ta páàtì lóòótọ́ àmọ́ wọ́n tún ń kan mọ́tò tí wọ́n ń gbé lọ sáré. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni táǹkì epo abẹ́ bàálù ogun P-38 tí wọ́n fi ṣe bọ́dì mọ́tò, tí wọ́n ki ẹ́ńjìnnì sínú ẹ̀, ó wá ń sáré bí ẹni ń fò lórí Bonneville, ilẹ̀ iyọ̀ gbalasa ní Utah tí wọ́n ti ń fi mọ́tò sáré (Bill Burke, ẹlòmíì tó ń kan mọ́tò eré, ló kọ́kọ́ ronú ẹ̀ ṣá, àmọ́ ti So-Cal ló rẹwà jù lójú tèmi). Ní 1950, mọ́tò wọn míì kọjá 200 máìlì ní wákàtí kan. Ẹni ọdún 102 ni wọ́n nígbà tí wọ́n lọ ní 2024.