Níbo ni feng shui, ìyẹn àṣà àtijọ́ àwọn ará Ṣáínà nípa bí a ṣe ń to ilé, ní ká gbé bẹ́ẹ̀dì sí nínú yàrá?

Ibi tí ẹ ó ti máa rí ilẹ̀kùn lórí ìdùbúlẹ̀ ni, àmọ́ kí ẹsẹ̀ yín má kọjú sí i gbọnrangandan. Ipò òkú ni àwọn ará Ṣáínà ń pe ìyẹn, torí ẹsẹ̀ òkú ló máa ń ṣáájú tí wọ́n bá ń gbé e jáde. Ẹ jẹ́ kí ìgbèrí bẹ́ẹ̀dì fara ti ògiri, kì í ṣe abẹ́ fèrèsé. Jígí tó kọjú sí bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Ẹ gbé e kúrò, tàbí kẹ́ ẹ fi aṣọ bò ó lálẹ́.

“Feng” ni afẹ́fẹ́, “shui” ni omi. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí qi, ìyẹn èémí ìyè, ráyè rìn, nítorí náà ẹ má kó àpótí àti bàtà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Sáyẹ́ǹsì ò rí qi yìí wọ̀n o, ṣùgbọ́n ká máa rí ilẹ̀kùn, ìyẹn ń fini lọ́kàn balẹ̀.