Kí ni “seppa tsumaru” tí àwọn ará Jàpáànù máa ń wí?

Ẹ ní ọ̀rẹ́ yín kan tó jẹ́ ará Jàpáànù sọ pé ọ̀rọ̀ òun ti di “seppa tsumaru”, pé ara idà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Òótọ́ ló sọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀nà dí mọ́ni, kò ṣeé síwájú, kò ṣeé sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àfi kéèyàn mọ èèkù idà wọn kó tó yé e dáadáa.

Ẹ wo wakizashi, idà kékeré wọn àtijọ́, tí irin rẹ̀ máa ń gùn tó 30 sí 60 sẹ̀ǹtímítà. Ọ̀já ìbàdí ni samurai, ìyẹn jagunjagun wọn àtijọ́, ń kì í bọ̀, òun àti katana, ìyẹn idà ńlá. Bó bá wọlé onílé, á fi katana sílẹ̀; wakizashi ò ní kúrò lára rẹ̀. Àwọn oníṣòwò náà láyè láti gbé ti kékeré, bí wọn ò tilẹ̀ gbọdọ̀ gbé katana. Lójú tèmi, ó wà lára ohun tó jẹ́ kí ọ̀ṣọ́ pọ̀ lára rẹ̀: olówó kúkú gbọ́dọ̀ ríbi ṣe fáàrí.

Ọ̀ṣọ́ ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Tsuba ni irin pẹlẹbẹ tó ń dáàbò bo ọwọ́. Wọ́n lè fi shakudō ṣe é: bàbà tí wọ́n po wúrà díẹ̀ mọ́, tí wọ́n wá sè nínú omi oògùn títí ó fi dúdú bí aṣọ tó mu aró yó. Nígbà mìíràn, ẹ ó rí i tí ojú rẹ̀ ṣe wínníwínní bí ẹyin ẹja. Irin ẹlẹ́nu róbótó ni wọ́n fi lu àwọn hóró wínníwínní náà, lọ́kọ̀ọ̀kan!

Seppa ńkọ́? Bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ni, ọ̀kan níwájú tsuba, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, bíi wọ́ṣà tí mẹ́káníìkì ń fi sábẹ́ nọ́ọ̀tì. Ta ló ń wo wọ́ṣà? Àmọ́ wọ́n ní bí seppa bá há, idà ò ní jáde nínú àkọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀tá ti dé iwájú ẹni. “Tsumaru” ni híhá yẹn.

Láti 1876 ni ìjọba wọn ti fòfin de idà gbígbé ní gbangba, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń wí i. Ẹ má kàn fi pe ìyà tàbí òṣì o. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀la, tí kò tíì ṣíwèé, òun gan-an ló ni ín.