Ìgbà Mọ́kànlá Ni Wọ́n Ti Dá Ìtàn Mi Padà: Ṣé Kí N Jáwọ́ Ni?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, òkun o. Olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsánlú. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń kọ ìtàn kúkúrú, òmíràn ní Yorùbá, òmíràn ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti fi mẹ́rin nínú wọn ránṣẹ́ síbí sọ́hùn-ún, ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n sì ti dá wọn padà. Àwọn kan kàn ní, "Ẹ ṣeun, kò bá wa mu." Àwọn kan ò tilẹ̀ dá mi lóhùn. Olóòtú kan ṣoṣo ló kọ lẹ́tà gidi. Ó ní òun fẹ́ràn ìyá àgbà inú ìtàn mi, ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ sáré jù, àti pé kò yé òun ìdí tí àwọn ará abúlé náà fi ń pariwo "òkun" ṣáá nígbà tí kò sí òkun kankan nítòsí wọn. Kò mọ̀ pé ìkíni wa nílẹ̀ Yàgbà ni "òkun". Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo sunkún. Ọkọ mi ò ní kí n má kọ̀wé, àmọ́ ó ti ń béèrè iye dátà tí mò ń jó. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pọ́n mi lé: báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá òun ni kò mọ̀ ọ́n kọ, àbí ibi tó gbé e lọ ni kò tọ́? Ṣé kí n jáwọ́ ni?

ÌDÁHÙN

Òkun o, àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ òkun yẹn pa mí lẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ká ní olóòtú yẹn ti wọ mọ́tò láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré ni, wọn ì bá ti kí i ní òkun tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi wá omi tì.

Ó lé lógún ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ olóòtú ìwé n'Íbàdàn kí n tó kó ẹrù mi padà wá sílé ní Kàbà, títí dòní ni wọ́n sì ń fi ìtàn ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí mo ti kọ̀ pọ̀ ju èyí tí mo gbà lọ fíìfíì. Ẹnu ẹni tó ń kọ̀ lo ti fẹ́ gbọ́ èsì yìí, kì í ṣe ẹnu olùtùnú.

Nígbà kan tí a ń ṣe àkójọ ìtàn kúkúrú, àyè méjìlá péré la ní, ìtàn tí wọ́n kó sórí tábìlì mi sì ga tó ìgò tó dúró. Bí ọgbọ̀n nínú wọn, ojú ìwé kìíní ti tú àṣírí wọn pé ẹni tó kọ wọ́n ò kà wọ́n padà. Nínú ọ̀kan, ọmọkùnrin náà ń jẹ́ Táyé lókè, ó ti di Kẹ́hìndé nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìtàn náà kì í ṣe ti ìbejì. Nígbà tó yá, ó ku àyè kan, ìtàn méjì ló sì ń du ú: opó tí àwọn àna rẹ̀ lé jáde nílé, àti opó mìíràn tí àwọn àna rẹ̀ lé jáde nílé. Méjèèjì dáa. Èdè ìkejì tiẹ̀ dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àkọ́kọ́ ni mo mú, torí pé ojú ìwé mẹ́jọ ló kù fún wa, ojú ìwé mẹ́jọ sì ni òun gbà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kọ lẹ́tà sí ẹni tó ni opó kejì, mo kọ sí ẹni tó ni Táyé-Kẹ́hìndé: "Ẹ ṣeun, iṣẹ́ yín kò bá ohun tí à ń wá mu lọ́tẹ̀ yìí." Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo kọ sáwọn méjèèjì.

Ibo ni wọ́n ti fẹ́ mọ ìyàtọ̀? Kò sí nǹkan kan nínú lẹ́tà yẹn téèyàn lè fà yọ, kódà bó kà á nígbà ogún. Nítorí náà, má máa wo "kò bá wa mu" bí ìgbà tí babaláwo ń wo ọ̀pẹ̀lẹ̀. Kà á lẹ́ẹ̀kan, kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó o fi ìtàn náà ránṣẹ́ síbòmíràn kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ibi tí wọn ò ti dá ọ lóhùn náà ńkọ́? Tí ìgbà tí wọ́n dá fún èsì bá ti kọjá, kọ̀wé ìlà kan láti béèrè. Bí wọn ò bá tún fèsì, máa bá tìrẹ lọ.

Èrò tó wà lórí ìlà náà tún pọ̀. Ìdíje ìtàn kúkúrú ti Commonwealth, tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wọ̀ ọ́, ìtàn tó wọlé síbẹ̀ lọ́dún 2024 lé ní 7,000. Ẹni márùn-ún ló ń borí ní ẹkùn márùn-ún, wọ́n á sì tún mú ẹnì kan láàárín wọn. Ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ ti ilé iṣẹ́ gáàsì NLNG níbí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: lọ́dún 2004, 2009 àti 2015, wọn ò fún ẹnikẹ́ni rárá. Ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde tán sì ni àwọn èèyàn ń fi sílẹ̀ níbẹ̀ o.

Wá wo ìṣirò tìrẹ. Ìtàn mẹ́rin, ìgbà mọ́kànlá. Kò tíì pé ìgbà mẹ́ta-mẹ́ta fún ìkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gbé iṣu lọ sọ́jà, tí èèyàn mẹ́ta dúró, tí wọ́n fọwọ́ kàn án, tí wọ́n sì kọjá lọ, ṣé yóò tìtorí ìyẹn di iṣu rẹ̀ padà sílé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀?

Lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn ló yẹ ká jókòó tì. Àwa olóòtú kì í ráyè. Ẹni tó bá kọ ìlà mẹ́ta nípa ìtàn tí kò ní gbà, àkókò oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ló fi ṣe é. Ó rí nǹkan lára rẹ. Ṣé o dá a lóhùn? Mo fura pé o ò ṣe bẹ́ẹ̀, torí ojú máa ń ti àwa ará ilé wa láti padà síbi tí wọ́n ti lé wa. Kọ ìlà méjì: o dúpẹ́, o sì ń ṣiṣẹ́ lórí ìparí náà. Má bá a jiyàn, má sì ṣe é ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nípa àṣà Yàgbà. Tó o bá ní ìtàn tuntun ní nǹkan bí oṣù méjì tàbí mẹ́ta sí i, òun ni kó o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí, kó o sì rán an létí ìyá àgbà.

Nínú ọ̀rọ̀ ìkọ̀ yìí, ohun tí ojú Amos Tutùọlá òǹkọ̀wé rí ni mo fẹ́ràn jù. Òjíṣẹ́ ni ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ l'Ékòó. Ó rí ìpolówó ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni kan tó ń ta ìwé nínú ìwé ìròyìn, ó bá fi ìtàn ọwọ́ rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ní àwọn kì í tẹ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ìkọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ̀ ọ́ yẹn náà ló bá a wá ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́, bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Faber ní Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn, tó sì jáde lọ́dún 1952. Nígbà tó jáde tán, àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé níbí ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dójú ti àwọn. Ìtàn tó sì ti kọ ṣáájú ìyẹn, tó ti fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1982 ló tó di ìwé. Bí o bá ń ka oṣù, rántí ìyẹn.

Ó yá, ká bọ́ sórí ohun tó ní kó o tún ṣe. Ìlànà mi ò ju báyìí lọ: tí àlejò kan bá fẹsẹ̀ kọ níbì kan nínú ìtàn mi, mo máa yẹ̀ ẹ́ wò, tí àlejò méjì tí wọn ò mọ ara wọn bá fẹsẹ̀ kọ níbì kan náà, mo máa tún un ṣe, ojú ì báà máa ro mí. Ọkọ, ìyá àti ọ̀rẹ́ kì í ṣe àlejò. Àwọn ti mọ ohun tó o ní lọ́kàn kó o tó lanu, wọ́n á bá ọ dí àlàfo náà láìmọ̀.

Ti ìparí tó sáré, mo gbà pẹ̀lú olóòtú náà láìtíì rí ìtàn rẹ, torí àrùn gbogbo wa ni. Níbi tó ti rẹ òǹkọ̀wé ni ìtàn sábà máa ń parí sí. Wò ó bóyá ojú ìwé tó kẹ́yìn kún fún "lẹ́yìn náà", "nígbẹ̀yìn gbẹ́yín", "bí ọdún ti ń gorí ọdún". Ìtàn ti di ìròyìn nìyẹn. Kà á sókè fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ, kó o dákẹ́ nígbà tó o bá parí. Bí ẹnì kan bá ní, "Àǹtí, ó wá ṣe báwo?", ìtàn ò tíì parí.

Ti "òkun" yàtọ̀ pátápátá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ti ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́: wọ́n á yọ ọ́ kúrò, wọ́n á fi "ẹ kú iṣẹ́" dípò, abúlé náà á wá dà bí ibi gbogbo. Má yọ ọ́. Má sì fi àlàyé tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Jẹ́ kí ojú rí ohun tí etí ń gbọ́. Dípò "Ìyá àgbà dé, wọ́n ní òkun", gbìyànjú irú èyí: "Ìyá àgbà sọ igi kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí. 'Òkun o,' ni gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wí. Kò dá wọn lóhùn títí ó fi mu omi." Ẹni tí kò tíì gbọ́ Lọ́kọ́ja rí ti mọ̀ báyìí pé ìkíni ni, ó tún mọ̀ pé inú ń bí ìyá náà.

Bí ìtàn kan bá sì kọ̀ tí kò ṣeé tún ṣe, tú u. Àwọn ìyá wa ní Bùnú tó ń hun aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ òkú àgbà láyé àtijọ́, wọn ò ní òwú pupa bẹ́ẹ̀ nílé. Aṣọ òyìnbó, àní títí kan búláńkẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n máa ń tú ní fọ́nrán-fọ́nrán láti fi hun tiwọn. Ìyá àgbà tí olóòtú yẹn fẹ́ràn, fọ́nrán pupa rẹ nìyẹn. Ó lè wọ inú ìtàn mìíràn.

Nípa ti àwọn tó o kọ ní Yorùbá, mo ní ẹjọ́ kan láti rò. Àmì ohùn! Èèyàn á fi ojú ìwé mẹ́wàá ránṣẹ́ sí mi láìsí àmì kan lórí rẹ̀, èmi ni n ó wá máa méfò bóyá "igba" náà jẹ́ igbá, ìgbà, tàbí igba. Tí mo bá dé ojú ìwé kẹta, ó ti rẹ̀ mí, ìtàn ò sì jẹ̀bi. Ibi tí wọ́n ti ń gba ìtàn Yorùbá kò pọ̀ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọ́n wà: àwọn Àtẹ́lẹwọ́ ń tẹ iṣẹ́ Yorùbá jáde, wọ́n sì ń ṣe ìdíje. Wá wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó o ka ohun tí wọ́n ti tẹ̀ kó o tó fi tìrẹ ránṣẹ́. Má sì kọ́kọ́ gbé ìtàn sórí Facebook o, ọ̀pọ̀ olóòtú ló gbà pé ohun tó ti wà níbẹ̀ ti jáde tán.

Ṣọ́ra fún ẹni tó gba ìtàn rẹ lọ́jọ́ méjì, tó kún fún ìyìn, tó wá ní kó o san owó ìtẹ̀wé. Oníbàárà ni irú wọn ń wá.

Má sì ṣe ohun tí mo ṣe. Nígbà tí mo wà léwe, ẹ̀dà kan ṣoṣo tí mo ní nínú ìwé ìtàn mi, tí mo fọwọ́ kọ, ni mo gbé fún ilé ìtẹ̀wé kan. Wọn ò kọ̀ ọ́, wọn ò gbà á. Wọ́n kó ọ́fíìsì kúrò, ìtàn mi sì bá pákó àti ìdọ̀tí lọ. Ọdún mẹ́ta ni n ò fi ọwọ́ kan bírò. Nígbà tí mo kà á pé Chinua Achebe náà fi ẹ̀dà kan ṣoṣo tó ní nínú Things Fall Apart, tó fọwọ́ kọ, ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bá èèyàn fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ ohun tó fọwọ́ kọ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n gbé e jù sí kọ̀rọ̀ títí ọ̀gá rẹ̀ obìnrin fi lọ bá wọn fa wàhálà, ara mi bù máṣọ. Ìwé yẹn jáde lọ́dún 1958. Fi tìrẹ ránṣẹ́ sínú ímeèlì ara rẹ lónìí.

Ṣé kí o jáwọ́? N ò tíì ka ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tó o kọ, nítorí náà n ò lè sọ fún ọ pé o mọ̀ ọ́n kọ. Ohun tí mo lè sọ ni pé mẹ́wàá nínú ìkọ̀ mọ́kànlá yẹn ò sọ ohunkóhun, ọ̀kan tó sọ̀rọ̀ sì ní òun fẹ́ràn ẹnì kan nínú rẹ̀. Tó o bá fẹ́ sinmi ní sáà ìdánwò, sinmi. Àmọ́ má ṣe ìpinnu kankan lọ́jọ́ tí lẹ́tà bá dé. Lọ́jọ́ yẹn, èmi máa ń gbo ẹ̀kọ tàbí kí n fọ aṣọ, ohun tí ọwọ́ ń ṣe tí kò ní lẹ́tà nínú.

Ní ti dátà, kọ ìtàn lórí fóònù láìtan dátà, kó o kó gbogbo ìfiránṣẹ́ rẹ sí ọjọ́ kan lóṣù. Mú ìwé ọmọléèwé kan, fa ìlà sí i: orúkọ ìtàn, ibi tó lọ, ọjọ́ tó lọ, ohun tí wọ́n wí. Fi han ọkọ rẹ. Bó bá tún béèrè, sọ fún un pé gbogbo ìtàn mẹ́rin yẹn pọ̀ kò tó dátà tí òun fi ń wo bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú márùn-ún.